Bí a ṣe ń yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀bá ṣáwà wò níbi iṣẹ́

Ní Wynberg àti Marlboro, tó bá Alexandra pààlà ní Johannesburg, àwọn ilé iṣẹ́ wà tí òṣìṣẹ́ ti ń wẹ ìdọ̀tí iṣẹ́ kúrò lára kí ó tó forí lé ilé. Ẹnìkan á jáde lábẹ́ ṣáwà, á na ọwọ́ tútù sí ṣájà fóònù tó wà lára ògiri. Iná fólítì 230 ló wà níbẹ̀, omi sì ti sọ awọ ara rẹ̀ di ọ̀nà tó rọrùn fún iná láti gbà. Bí irú balùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ ìtọ́jú yín, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kò ní láti jẹ́ oníṣẹ́ iná. Ohun tí a nílò ni téèpù ìwọ̀n oní-mítà 5, tọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì, iná tábìlì kékeré, ìwé àti bírò. A kò ní tú síkírúù kankan.

1. A ó yan àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì wẹ̀, tí ilẹ̀ gbẹ. Ká wọ bàtà onírọ́bà, ká nu ọwọ́ wa gbẹ. Bí omi bá ń ṣàn lára ògiri sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí tí òórùn jíjó bá ń jáde, ká má fọwọ́ kàn án. Ìdí bọ́ọ̀dù iná ni ká lọ, ká pa iná, ká ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

2. Ká wọn àyè. Láti etí àwo ṣáwà, ká fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí sẹ̀ǹtímítà 60: kò yẹ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kankan wà láàárín rẹ̀. Bí ṣáwà kò bá ní àwo, mítà 1.2 sí ẹnu ṣáwà ni ká kà sí etí. Lẹ́yìn náà, ká kọ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nínú mítà 3 sí etí yẹn sílẹ̀. Mítà 3 ni òfin iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in sí 2.5 lọ́dún 2022. Mo fẹ́ ká di 3 mú, nítorí èrò pọ̀ ní balùwẹ̀ ibi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnìkejì.

3. Ká tan tọ́ọ̀ṣì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́kàn án. Ẹ wo etí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Bí iná bá ti ń jó nínú rẹ̀, àmì kan á wà níbẹ̀ tó pọ́n bíi tíì tó ta sí aṣọ funfun. Ìpẹta lórí síkírúù àti ìrì lábẹ́ ìdérí ń sọ pé ooru omi gbígbóná ń wọ inú rẹ̀. Èyí tó bá ní àmì bẹ́ẹ̀, a kò ní ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ mọ́.

4. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ká ki iná tábìlì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ dá, ká tàn án. Ká wá lọ sídìí bọ́ọ̀dù, ká wá suwíìṣì tó ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ T sí, tí 30 mA sì wà lára rẹ̀. Earth leakage ni wọ́n ń pè é níbí. Ó ń fi iná tó jáde wé iná tó padà. Bí iná tó tó 30 mA yẹn bá sọnù lójú ọ̀nà, bóyá ó gba ara ènìyàn wọlẹ̀, yóò já iná kí a tó ṣẹ́jú. Ká kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà, ká wá tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀, iná tábìlì sì gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá já, ká pa iná pátápátá. Bí ó bá já tí iná tábìlì ṣì ń tàn, a jẹ́ pé wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò gba inú ààbò yẹn kọjá. Ká wá suwíìṣì tó ń gbé e, ká pa òun náà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti àwọn tí ará Alexandra ń pè ní izinyoka, ejò lédè Zulu, tí wọ́n ń fa iná láìgbàṣẹ. Síbẹ̀, ká má fi ẹ̀mí wa lé suwíìṣì yìí lọ́wọ́: ẹni tó bá di wáyà méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní gbà á.

5. Ká kó ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n àti kẹ́tù jáde. Ká ṣètò ibi tí wọn yóò ti máa ṣájì fóònù síta, kí ẹni tó bá wẹ̀ tán ti múra kó tó débẹ̀. Bí a kò bá ṣe èyí, lọ́jọ́ kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ á dá wọn padà.

6. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá yẹ kó kúrò, oníṣẹ́ iná tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin iná ti ọdún 2009 níbí ni ká pè. Bí ó bá parí, ká gba ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní CoC lọ́wọ́ rẹ̀, ká rí i pé balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ká fi í sínú fáìlì, ká kọ ọjọ́ tí a tẹ bọ́tìnì T sí ara ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù. Oṣù tó ń bọ̀, ká tún tẹ̀ ẹ́.