Èdè Wa àti Ọ̀làjú

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, ṣé dandan ni kí ọ̀làjú pa àṣà? Ẹ jẹ́ kí a wo Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kàwé lọ́dọ̀ Hinderer ní Ìbàdàn. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897; a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Orúkọ Erunmu wa wà nínú rẹ̀, níbi ìtàn ogun Òwu. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, kí ni ìbá kọ? Síbẹ̀, àwa òbí ń bá ọmọ wí nítorí pé ó sọ Yorùbá nílé. Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́. Kí ọmọ wa mọ ìwé, kí ó sì lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.