ẸGBẸ́ TÍ A Ń BÁ RÌN ÀTI OWÓ ỌWỌ́ WA

Ibi kíkà: Òwe 13:20, 1 Àwọn Ọba 12:1–16, 1 Kọ́ríńtì 15:33.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ọjà, ó kan oko, ó kan owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ṣe lè ba ènìyàn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ló lè gbé ènìyàn dìde. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó dára?

KÌÍNÍ: Ọ̀RÀN REHOBOAMU. Nígbà tí ó jọba lẹ́yìn Sólómọ́nì, àwọn ènìyàn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dín ẹrù tó wà lọ́rùn wọn kù. Àwọn àgbà ní kí ó dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ dàgbà ní kí ó tún fi kún un. Ti àwọn ọ̀dọ́ yìí ló gbà, ẹ̀yà mẹ́wàá sì fi í sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọba gbọ́ ìmọ̀ràn rere. Ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dùn jù létí rẹ̀.

KEJÌ: ẸGBẸ́ TÓ Ń GBÉ NI RÓ. Gbogbo wa mọ èsúsú, tí àwọn tó kàwé Faransé ń pè ní tontine. Ká sọ pé ènìyàn 12 ń dá 5,000 fránkì lóṣooṣù. Ẹni tó bá kàn yóò kó 60,000 lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èlé níbẹ̀, kò sí ọlọ́pàá. Kí ló dé tí ẹni tí kò lè tọ́jú 5,000 sábẹ́ ìrọ̀rí fún oṣù méjì fi ń dá èsúsú fún ọdún kan gbáko láì yẹ̀? Owó abẹ́ ìrọ̀rí, àwa nìkan la mọ̀ ọ́n. Bí a bá ná an, kò sẹ́ni tó máa bi wá. Ti èsúsú, bí a kò bá dá a, ìyá tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni kò ní rí owó kó, ó sì mọ ilé wa. Ojú tì wá, a sì fẹ́ràn rẹ̀: nǹkan méjì yìí ló ń di ọwọ́ wa mú. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé rẹ̀. Ní erékùṣù Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní.

KẸTA: ẸGBẸ́ TÓ Ń FANI ṢUBÚ. Ẹ wo aṣọ ẹgbẹ́. Ìnáwó dé, ẹgbẹ́ mú aṣọ. Ẹni tó ní rà á, ẹni tí kò ní náà rà á, nítorí kò fẹ́ dá yàtọ̀. Owó ọjà ló fi rà á. Lẹ́yìn ìnáwó, aṣọ wà nínú àpótí, igbá òfo wà lọ́jà.

Èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ICC Services, tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú tó sì ń ṣèlérí èlé ńlá, dẹnu kọlẹ̀. Ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí owó wọn há síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ju bílíọ̀nù 100 fránkì lọ. Báwo ni èrò ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Aládùúgbò ló ń mú aládùúgbò wá, ẹ̀gbọ́n ń mú àbúrò wá. Wọ́n rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ wọlé gba èlé. Wọn kò mọ̀ pé owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san án. Ìgbà tí àwọn tó ń wọlé kò tó mọ́, òpin dé.

KẸRIN: ÌYÀTỌ̀ WỌN. Nínú èsúsú, gbogbo wa la mọ iye tí a jẹ́, la mọ iye tí a dá, la sì mọ ẹni tó kàn. Níbi èkejì, kò sẹ́ni tó lè kà á. Nítorí náà, kí a tó wọ ẹgbẹ́ kan, tàbí bí a bá ti wà nínú rẹ̀, kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Ṣé a lè bèèrè ọ̀nà tí owó gbà níbẹ̀, kí wọ́n má sì bínú sí wa?
2. Ṣé ẹni tí kò ní lè sọ pé “mi ò ní” láì sí ẹni tó máa fi ṣẹ̀sín?
3. Láti ìgbà tí a ti wọ̀ ọ́, ṣé ilé wa ń gòkè ni, àbí gbèsè wa ló ń pọ̀?

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Aṣọ funfun ni olówó wọ̀ wọ ilé Ọlọ́run, òun náà ni tálákà wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìnáwó ẹgbẹ́ tún pín wa sí méjì. Bí ẹ bá fẹ́ mú aṣọ, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú jù láàrin yín. Bí ẹnì kan bá pa èsúsú jẹ, ẹ lọ sílé rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ lójú agbo. Ó lè jẹ́ àìsàn ló mú un. Ẹ sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa pé ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀tá.

Kí Olúwa fún wa ní ẹgbẹ́ rere, kí ó sì fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.