ÌDẸ ALÉFÒÓ: ẸJA PÍPA NÍ ÌRỌ̀LẸ́ ÌGBÀ ÌRÚWÉ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ẹja jẹ dójú egungun, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Nílé, a mọ àwọ̀n, a mọ ìgèrè, a sì mọ ìwọ̀ tí wọ́n fi ekòló bò lẹ́nu. Lókè Ọya níbí tí ìwé gbé wa dé, a ti gbọ́ nípa ọdún ẹja Argungu tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin ti máa ń bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n àti igbá ńlá. Èyí tí a fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ lónìí yàtọ̀ pátápátá. Ẹnì kan ló ń dá a ṣe, ẹja kan ṣoṣo ló dójú sọ, ìdẹ ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣeé jẹ.

Gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àgbègbè Hampshire, ni àwọn odò Test àti Itchen wà. Orí òkúta ẹfun ni wọ́n ń ṣàn. Òjò máa ń wọ inú òkúta yìí lọ, òkúta náà á sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, omi á sì tún sun jáde ní mímọ́ gaara. Nítorí abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù jù nígbà òtútù, kì í sì í móoru jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá dúró létí rẹ̀ lè ka òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀, ó sì lè rí ẹja trout níbi tó dúró sí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹja náà ń rí i.

Kí a tó débi ìdẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ kòkòrò tí wọ́n ń fi ṣe àwòkọ. Mayfly ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló ti ń gbé fún ọdún kan tàbí méjì. Bí oṣù Karùn-ún bá ń parí lọ, ní ìgbà ìrúwé tí igi ti hu ewé tuntun, yóò lúwẹ̀ẹ́ gòkè, yóò bọ́ awọ, yóò sì dúró lórí omi pẹ̀lú ìyẹ́ tó nà ró, tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Bó bá ráyè fò lọ sínú koríko, yóò tún bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí kòkòrò mìíràn láyé òde òní tó ń bọ́ awọ lẹ́yìn tó ti hu ìyẹ́ fífò, àfi ìran tirẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ á wá mọ́ bíi gíláàsì. Láti ìgbà tó ti hu ìyẹ́ ni kò ti lè jẹun mọ́. Ẹnu rẹ̀ kò wúlò. Iṣẹ́ tó kù fún un kò ju kó gùn, kó yé ẹyin sórí omi, kó sì kú, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ rántí bí èsúnsún ṣe máa ń tú jáde lẹ́yìn òjò, ẹ ó mọ bí ó ṣe máa ń rí.

Ìdẹ náà wá ńkọ́? Ìwọ̀ kékeré ni, tí wọ́n fi òwú àti irun ẹranko wé, tí wọ́n sì fi ìyẹ́ ọrùn àkùkọ yí ká. Ìyẹ́ yìí le, ó ta, òun ló ń gbé ìwọ̀ dúró lójú omi. Wọ́n tún máa ń fi òróró díẹ̀ kùn ún kí omi má baà rì í. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní eṣinṣin gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá wa lọ́jà, eṣinṣin tí oòrùn pa ni yóò rò. Nítorí náà, ìdẹ aléfòó ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ojú inú dúró létí odò Test láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe kánjú, nítorí ní àsìkò yìí lọ́hùn-ún, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. A kò ní ju nǹkan kan sómi ná. A ó wò. Lábẹ́ igi kan, òrùka kékeré hàn lójú omi, ó sì ń gbòòrò. Ẹja ló gbé kòkòrò mì. Ẹja a máa kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti gba ìsàlẹ̀ odò yọ sí i lẹ́yìn, kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a sì ju ìdẹ síwájú rẹ̀ díẹ̀.

Jíjù yìí gan-an lẹ̀kọ́. Ẹni tó bá so òjé mọ́ okùn, òjé ló ń fa okùn lọ. Ìdẹ aléfòó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, kò lè fa ohunkóhun. Okùn nípọn, ó sì wúwo; òun ni ọ̀pá ń jù, ìdẹ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ṣùgbọ́n ìparí okùn náà tín-ín-rín débi pé ẹja kò ní tètè rí i. Bó bá balẹ̀ tán, ìṣòro mìíràn dé. Omi àárín odò yára, ti etí rẹ̀ falẹ̀. Bí èyí tó yára bá gbá okùn mú, yóò fa ìdẹ gba ẹ̀gbẹ́, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì máa tẹ̀lé e lójú omi. Kò sí kòkòrò gidi tó ń rìn bẹ́ẹ̀. Ẹja á wò ó, á sì padà sáyè rẹ̀.

Bí aago mẹ́jọ bá ti ń lọ, nǹkan á yí padà. Àwọn akọ kòkòrò ti ń jó lókè lódò lórí igbó, àwọn abo wá ń sọ̀ kalẹ̀ láti yé ẹyin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á nà gbalaja sórí omi, ìyẹ́ lọ́tùn-ún, ìyẹ́ lósì. Ẹja tó ń gbé aláwọ̀ ewé mì láago márùn-ún kò ní wo irú rẹ̀ mọ́, àwọn òkú tó nà sílẹ̀ yìí nìkan ló fẹ́. Ẹni tí kò bá fura, tí kò pààrọ̀ ìdẹ, á máa jù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì máa sọ pé ẹja òní kò jẹun.

Ìbéèrè ohun tí ẹja ń jẹ gan-an yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà apẹja. Frederic Halford (1844–1914) kọ ìwé ní 1886 lórí bí a ṣe ń ṣe ìdẹ aléfòó. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Marryat, fara balẹ̀ kó kòkòrò jọ, wọ́n sì fi wọ́n wé ìdẹ. Iṣẹ́ gidi ni. Ohun tó bà á jẹ́ lójú tiwa ni pé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ ìwé di òfin: ìdẹ aléfòó nìkan ló tọ́, ohun mìíràn jẹ́ ìwà àìtọ́ lórí irú odò wọ̀nyí.

G. E. M. Skues (1858–1949), agbẹjọ́rò ará London tó ń pẹja lódò Itchen láti 1883, kò jiyàn lásán. Bó bá pa ẹja, á fi ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ wa ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ sínú àwo funfun tó lómi, á wá kà wọ́n. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ kòkòrò náà ni kò tíì débi ojú omi rárá. Abẹ́ omi ni ẹja ti bá wọn. Ó kọ èyí sínú ìwé ní 1910, ó sì ṣe ìdẹ abẹ́ omi tó bá a mu. Ọ̀rọ̀ náà kò tán bọ̀rọ̀. Ní 1938, Flyfishers' Club ní London ṣe àpérò lé e lórí, Skues sì jẹ́ ọmọ ọdún 79. Lọ́dún yẹn kan náà ló fi omi tó ti ń pẹja fún ọdún 55 sílẹ̀. Lónìí, ọ̀nà rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni kàn lè gbé ọ̀pá lọ síbẹ̀. Ẹni tó ni etí odò ló ni ẹ̀tọ́ ẹja inú rẹ̀, owó kékeré kọ́ ni wọ́n sì ń gbà fún ọjọ́ kan. Ohun tó tún lè ya àwọn ìyá wa lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá ẹja padà sómi láàyè lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ìrọ̀lẹ́ kan lórí rẹ̀! Síbẹ̀, owó kò dáàbò bo odò náà. Omi ìdọ̀tí ilé, ajílẹ̀ oko àti ẹrẹ̀ ń ṣàn wọ̀ ọ́, wọ́n sì tún ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ fún ìlú. Ẹrẹ̀ a máa bo ẹyin kòkòrò mọ́lẹ̀. Níbi tí kòkòrò bá ti dín kù, kò sí òrùka lójú omi lábẹ́ igi, ẹni tó jókòó tì í láago márùn-ún kò sì ní rí nǹkan kan wò.

Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju ìdẹ aléfòó lọ, kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kó sì fún akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀.