Òkè, Góńgó àti Àfonífojì Ológiri: Ìṣòro Ìperí Ìrísí Ilẹ̀ fún Olùkọ́ Etí Ọ̀sà

Etí ọ̀sà Èkó ni Ìpakodo wà, ní Ìkòròdú. Èbúté ni, láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Erékùṣù Èkó. Ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní irú ibẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì nígbà tí ó bá ń sọ nípa omi. Ó mọ ibú yàtọ̀ sí etídò, ó mọ ìgbì yàtọ̀ sí ìṣàn, ó sì mọ ibi tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí. Ti òkè ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kàn ń ga díẹ̀díẹ̀ láti etí omi lọ sí àárín ìlú ni, kò sí àpáta kan tí olùkọ́ lè nawọ́ sí. Nígbà tí ó bá wá di ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ kan àwọn òkè ńláńlá àti àwọn àfonífojì jíjìn ti ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ nìkan ni olùkọ́ ní lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá lábùkù, ojú akẹ́kọ̀ọ́ kò lè bá a tún un ṣe.

Láti ọdún 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní Ilé-Ifẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa bi ara rẹ̀ bóyá ó ṣeé ṣe láti fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tí ó kù ni bí ìperí kọ̀ọ̀kan ti péye tó. Ìperí ìrísí ilẹ̀ ni a ó gbé yẹ̀wò níhìn-ín, orí òkè àti àfonífojì ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ náà "òkè" fúnra rẹ̀ ni ìṣòro kìíní. Ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ó jẹ́ apá tí ojú ọ̀run wà. Ó jẹ́ ilẹ̀ tí ó ga ju àyíká rẹ̀ lọ. Ó sì tún jẹ́ ìhà kejì omi: òkè òkun kì í ṣe ibi gíga, Òkè Ọya náà kì í sì í ṣe orí àpáta. Ẹni tí ó sọdá odò ni à ń sọ pé ó gòkè odò. Lẹ́nu àwọn ará Èkó, ará òkè ni ẹni tí ó ti inú ilẹ̀ wá, ì báà jẹ́ pé orí ilẹ̀ títẹ́jú pẹrẹsẹ ni ìlú rẹ̀ wà. Fún ọmọ Ìdànrè, ìtumọ̀ kejì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Fún ọmọ Ìpakodo, kò dájú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Nítorí náà, nínú ìwé ẹ̀kọ́, kò yẹ kí "òkè" dá dúró nígbà àkọ́kọ́ tí a bá lò ó. Kí a kọ ọ́ ní "òkè ńlá" tàbí "òkè àpáta", kí a sì sọ gíga rẹ̀ ní mítà. Lẹ́yìn èyí, "òkè" nìkan ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a mú agbègbè kan ní ilẹ̀ Faransé tí ìwé ìmọ̀ nípa ilẹ̀ sábà máa ń mẹ́nu bà. Vercors ni orúkọ rẹ̀, apá gúúsù-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà ni ó wà, nítòsí ìlú Grenoble. Ní ọdún 1970 ni a sọ ọ́ di agbègbè tí a dáàbò bo ìṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn ògbufọ̀ kan yóò fẹ́ pè é ní "ọgbà". Èyí kò tọ̀nà, nítorí pé ọgbà ní láti ní ohun tí a fi sọ ọ́. "Igbó ọba" náà kò sì bá a mu, nítorí pé ìjọba kì í gba àgbẹ̀ láyè láti dáko síbẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní Vercors, àwọn abúlé wà nínú rẹ̀, àwọn darandaran àti àgbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ wọn lọ. "Agbègbè ìpamọ́ ìṣẹ̀dá" ni ó sún mọ́ ohun tí ó jẹ́.

Òkè tí ó ga jù níbẹ̀ ni Grand Veymont, gíga rẹ̀ jẹ́ 2,341 mítà. Ṣùgbọ́n òkè mìíràn tí ó dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́ olùṣẹ̀dá ìperí lọ́gbọ́n jù. Mont Aiguille ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni òkè abẹ́rẹ́. Ní ọdún 1492, Ọba Charles Kẹjọ pàṣẹ fún Antoine de Ville pé kí ó gùn ún. Òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e lo àkàbà àti okùn títí wọ́n fi dé orí rẹ̀. Pápá koríko tí ó tẹ́jú ni wọ́n bá níbẹ̀! Ẹni tí ó bá tipa orúkọ náà kọ "ṣóńṣó orí Mont Aiguille" ti fi ohun tí kò sí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó mú òkè náà jọ abẹ́rẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró ṣánṣán bí ògiri. Orí rẹ̀ kò mú rárá.

Àṣà kíkọ "ṣóńṣó" fún orí òkè gbogbo ti wọ ìwé Yorùbá púpọ̀, ó sì yẹ kí a tún un wò, pàápàá nítorí pé àwọn òkè tiwa fúnra wọn ta kò ó. Àpáta tí ó yọ gọ̀m̀bọ̀ ni òkè Ìdànrè, tí orí rẹ̀ rí roboto bí orí apárí. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti dì. Nígbà tí ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ ṣí kúrò lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúyẹ́, àpáta náà wú díẹ̀, ó sì sán ní ìpele-ìpele. Ìpele òde wá ń bó bí èèpo àlùbọ́sà ṣe ń bó, igun gbogbo sì ń pòórá. Bí ó ṣe di roboto nìyẹn. Orí irú àpáta bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè tẹ̀dó sí fún ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nígbà ìjọba amúnisìn. A kì í kọ́ ìlú sórí ṣóńṣó.

Àbá tí ó tẹ̀ lé èyí ni pé kí "góńgó" jẹ́ ìperí fún ibi tí ó ga jù lọ lórí òkè, bí ó ti wù kí ìrísí rẹ̀ rí. Kí "ṣóńṣó" wà fún góńgó tí ó mú nìkan. Kí "orí òkè" sì máa jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo-gbòò bí ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Báyìí, a lè sọ pé góńgó Mont Aiguille tẹ́jú, gbólóhùn náà kò sì ní ta ko ara rẹ̀.

Ti ibi jíjìn ni ó le jù. Odò Bourne gba inú Vercors kọjá kí ó tó lọ sí ọ̀dọ̀ Isère, ó sì ti gé ilẹ̀ wọlé tí ògiri àpáta fi dúró gàgàrà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Èdè Faransé ń pe irú ibẹ̀ ní ọ̀fun. Ìlànà ìsọlórúkọ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: òkè ní orí, ó ní ẹsẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́, odò ní ojú, ó ní etí, ó sì ní ẹnu. Kí ni ó wá dé tí odò kò fi ní ní ọ̀fun? "Ọ̀fun odò" dùn létí, akéwì kan ì bá sì fi ṣe ohun rere. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóóró nìkan ni ó sọ. Kò sọ̀rọ̀ nípa jíjìn, kò sì sọ̀rọ̀ nípa ògiri.

"Ọ̀gbun" ni àwọn ògbufọ̀ mìíràn ń lò. Àbùkù méjì ni ó ní. Lọ́nà kìíní, ìwé ẹ̀sìn ti sọ ọ́ di ibi tí kò nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí à ń sọ yìí ní ìsàlẹ̀, inú ìsàlẹ̀ náà gan-an ni odò ń gbà. Lọ́nà kejì, bí a bá fi "odò" kún un, tí ó di "ọ̀gbun odò", ọmọ apẹja yóò rò pé ibú ni, ìyẹn ibi jíjìn tí ó wà lábẹ́ omi. Ní Ìpakodo, àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ohun tí omi bò ni yóò wà lọ́kàn ọmọ náà, nígbà tí ìwé ń sọ nípa ohun tí ó hàn sí afẹ́fẹ́.

"Àfonífojì" ni ó kù. Ó gbòòrò jù, nítorí ó kan gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láàárín òkè méjì, títí kan èyí tí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ rọra ń lọ tí a sì lè dáko sí. Àfikún ni ó nílò, kì í ṣe ìpààrọ̀. "Àfonífojì ológiri" sọ ohun tí ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé ìlànà tí a fi ṣẹ̀dá "oníhò" àti "ẹlẹ́gùn-ún", kò sì ní í da apẹja tàbí àgbẹ̀ láàmú.

Bí olùkọ́ ṣe lè là á yé àwọn ọmọ kò sì jìnnà. Kò sí ọmọ Ìkòròdú tí kò tí ì rí ojú àgbàrá. Òjò ọdún kan péré ti tó láti gé ilẹ̀ pupa ibẹ̀ wọlé. Kí olùkọ́ mú wọn lọ wo ọ̀kan lẹ́yìn òjò ńlá, kí ó sì bi wọ́n ohun tí ó fà á tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ń ya lulẹ̀. Iyanrìn àti amọ̀ kò lè dúró pẹ́. Ní Vercors, òkúta ẹfun ni odò ń gé, irú èyí tí a ń wà ní Ewékorò àti Ṣágámù láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Omi òjò ní ìkan díẹ̀ nínú, èyí tí ó gbà láti inú afẹ́fẹ́ àti erùpẹ̀, ìkan yìí sì ń yọ́ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta náà le tó láti dúró ṣánṣán bí odò ti ń jìn sí i. Iṣẹ́ kan náà ni omi ń ṣe níbi méjèèjì. Ohun tí ó ń gé ni ó yàtọ̀, àti iye ọdún tí ó fi ń gé e. Kí a má ṣe pe ojú àgbàrá ní àfonífojì ológiri ṣá o, bí ó ti wù kí ó jìn tó.

Àwọn ìperí yòókù kò gba àríyànjiyàn. "Bèbè" dára fún etí ibi tí ènìyàn lè ti jábọ́, "ìdagẹ̀rẹ́" fún ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó rọra ń lọ sísàlẹ̀, "ẹsẹ̀ òkè" fún ibi tí òkè ti pàdé pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn kan náà lọ́nà méjì. Èkíní: "Láti ṣóńṣó òkè náà ni a ti ń wo ọ̀gbun odò." Èkejì: "Láti góńgó òkè àpáta náà, tí ó tẹ́jú, ni a ti ń wo àfonífojì ológiri tí odò Bourne gé." Kí olùkọ́ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ tí kò tí ì rí òkè rí, kí ó ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n gbọ́ sórí ìwé, kí ó sì fi àwòrán méjèèjì wé ara wọn.