Ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́: Lílo Lẹ́ńsì Owó Pọ́ọ́kú tó ń Fa Òkèèrè Súnmọ́ Tòsí

Láti ọdún 1923 ni a ti ń ṣe Ọjọ́ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Lágbàáyé, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Keje. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ a máa fẹ́ àwòrán tí yóò fi pamọ́. Nítorí èyí ni àwọn ìgbìmọ̀ kan fi ń dábàá pé kí a fi owó ẹgbẹ́ ra lẹ́ńsì ńlá. Kí a tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ wo Canon EF 75-300mm f/4-5.6 III, tó jáde ní 1999, tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Nọ́ńbà 75 sí 300 ń sọ bí ó ṣe lè fa nǹkan súnmọ́ wa tó. Nọ́ńbà kejì ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe ń là tó: f/4 ní 75, f/5.6 ní 300. Lẹ́ńsì olówó ńlá tí ojú rẹ̀ là dé f/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 4 ti f/5.6. Ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ san owó gọbọi nìyẹn.

Àléébù 3 ni lẹ́ńsì kékeré yìí ní, a sì lè bọ́ nínú wọn:

1. Kì í gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ lò ó ní gbangba, lọ́sàn-án. Bí ó bá di inú gbọ̀ngàn, ẹ gbé ISO sókè dé 1600.

2. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, àwòrán a ṣú. Ní 300, ẹ má jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là ju ìdá kan nínú 300 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ APS-C, ẹ lo ìdá kan nínú 500. Ẹ gbé e lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kí ẹ fara ti ògiri.

3. Ní òpin 300, àwòrán rẹ̀ kì í hàn ketekete. Ẹ dúró sí nǹkan bí 200, kí ẹ sì lo f/8.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹgbẹ́ tó ń yàwòrán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò gbọdọ̀ kó owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ìbá yá fi ra ajílẹ̀ lé orí lẹ́ńsì ńlá. Bí ó bá sì jẹ́ pé alẹ́ ni ayẹyẹ yín máa ń jẹ́, èyí kékeré náà kò yẹ yín. Ẹ háyà ayàwòrán fún ọjọ́ náà. Bí ẹ bá rà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní ẹgbẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, nítorí ọ̀rinrin a máa ba dígí inú rẹ̀ jẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(a) Ìgbà mélòó ni ẹgbẹ́ wa ń yàwòrán lọ́dún? Ṣé ọ̀sán ni tàbí alẹ́?
(b) Ta ni yóò máa tọ́jú lẹ́ńsì náà, ta ni yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò?