Ẹ Yá Fẹ́rì, Ẹ Má Yá Ìṣe Rẹ̀

“Mo mú fẹ́rì ní Dar es Salaam, mo sì lándì sí Zanzibar.” Irú gbólóhùn báyìí ló ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá bí wọ́n bá ti ìsinmi dé. Ẹni tó gba Seychelles lọ náà á sọ bó ṣe “mú” ọkọ̀ láti Mahé lọ sí Praslin. Ìsinmi dára, ara ń fẹ́ ẹ. Ẹnu tó ń ròyìn rẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

N kò bá “fẹ́rì” jà. Orúkọ ni, a sì ti ń yá orúkọ tipẹ́: bọ́ọ̀sì, mọ́tò, bàlúù. Ẹni tó bá pè é ní ọkọ̀ akérò ojú omi ṣe dáadáa, ẹni tó pè é ní fẹ́rì kò jẹ gbèsè. “Mú” àti “lándì” ni kò tọ́ sí wa. Yorùbá ti ń lọ ti ń bọ̀ lójú omi kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀, a sì ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń ṣe, láti ìgbà tó bá kúrò títí tó fi dé.

A ń mú ewúrẹ́, a ń mú olè. Wíwọ̀ là ń wọ ọkọ̀. Ohun tí a bá jókòó lé lẹ́yìn là ń gùn, bí ẹṣin, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà. Ohun tó bá ní inú, à ń wọ̀ ọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ aago mẹ́jọ lo fẹ́ tọ́ka sí, sọ pé ọkọ̀ aago mẹ́jọ ni o bá lọ. Ẹni tó sì pẹ́ dé kò “pàdánù ọkọ̀”, bí ẹni pé owó já bọ́ lápò rẹ̀. Ọkọ̀ ló lọ fi í sílẹ̀.

Ọkọ̀ alára, omi la ti bí i. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, kò sí mọ́tò níbikíbi nílẹ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó òun fúnra rẹ̀ kúrò ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹrú ní 1822, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Ìgbà tí mọ́tò dé la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àlàyé lé e: ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú. Lónìí, mọ́tò ti gba orúkọ náà mọ́ onílé lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ inú omi ló wá nílò “ojú omi” lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ojú omi ni o, kì í ṣe orí omi; bẹ́ẹ̀ náà là ń sọ ojú irin àti ojú títì.

Bí èrò bá wọlé tán, ọkọ̀ á ṣí. Ẹni tó ń darí rẹ̀ ń tukọ̀. Ìbáà jẹ́ àjẹ̀ ló fi ń wà á, ìbáà jẹ́ ọ̀pá, ìbáà jẹ́ ẹ́ńjìnnì, atukọ̀ ni. Ẹ kò ní gbọ́ kí wọ́n pe onítakisí Wuse ní atukọ̀. Awakọ̀ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ pé gómìnà ń tukọ̀ ìpínlẹ̀, nítorí pé awakọ̀ ní títì níwájú rẹ̀, atukọ̀ kò ní nǹkan kan àfi omi.

Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ á sọdá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Lọ́kọ́ja lọ sílé ọdún mọ ibi tí Odò Ọya àti Bénúè ti pàdé, níbi tí ọkọ̀ ṣì ń kó èrò lọ sí Shintaku. Àwọn èrò yẹn ń sọdá odò ni. Ẹni tó bá ní òun “kọjá odò” lè jẹ́ pé ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù. Kí wọ́n tó ṣí afárá Carter ní 1901, sísọdá ni gbogbo ẹni tó bá ti Ìdó ń bọ̀ ní láti sọdá kó tó dé erékùṣù Èkó. Títí di òní, kò sí títì tó dé Tarkwa Bay tí àwọn ará Èkó ti ń lọ gbafẹ́.

Ó wá ku “lándì”. Gúnlẹ̀ ni! Ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà: imú ọkọ̀ gún ilẹ̀, ìrìn-àjò parí. Ní ti bàlúù, ẹyẹ la fi wé, ó ń balẹ̀. Àwọn oníròyìn ti ń kọ ọ́ báyìí pé bàlúù ààrẹ “gúnlẹ̀” sí pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe. Ó ti wọlé, n kò lè lé e jáde, ṣùgbọ́n n kì í kọ ọ́. Bàlúù tó bá gún ilẹ̀ ní tòótọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká wà nínú rẹ̀.

Níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí là ń pè ní èbúté. Èkó kún fún orúkọ náà, Èbúté Mẹ́ta, Èbúté Èrò. Àwa ará Àbújá ni a kì í rí omi púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa lọ jókòó ní “etíkun Jabi” nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Òkun wo? Adágún ni Jabi, àwọn èèyàn ló sé omi rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ wà ní bèbè adágún. Etí òkun ni ti Tarkwa Bay, etí ọ̀sà sì ni ti àwọn tó kọjú sí omi láàrin Èkó àti Ìkòròdú. Ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòyí àti Victoria Island wà lábẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Etí-Ọ̀sà, orúkọ tó bá ibẹ̀ mu rẹ́gí.

Ọ̀rọ̀ ìjàǹbá náà ń fẹ́ àtúnṣe. Gbogbo rẹ̀ ni rédíò ń pè ní “ọkọ̀ rì”. Bí ìdí ọkọ̀ bá kọjú sókè tó ṣì ń léfòó, ó dojú dé ni, kò tíì rì. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kí ẹ wọ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ pè é bẹ́ẹ̀, mo ti ní mi ò bá orúkọ jà. Ohun tó ń ṣe fún yín ni pé ó ń mú yín léfòó.

Mo sì ti rí “àìsàn òkun” níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Òkun kò ṣàìsàn. Bí ìgbì bá ń bì yín síwá bì yín sẹ́yìn tí inú ń rú yín, òòyì ló ń kọ́ yín. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, èébì ń gbé yín, kí ẹ sì tètè sọ ọ́ kí ẹni tó jókòó tì yín lè sún.