Àwọn Onílù Kò Bá Wọn Gòkè

Ẹ̀yin ọmọ Ìkógòsì, Ẹ̀fọ̀n àti Àrámọkọ, mo ń rí yín bí ẹ ṣe ń gun àwọn òkè tó yí wa ká, tí ẹ ń ya fọ́tò létí òkúta, tí àwọn tó ń wò yín nínú fóònù sì ń ní kí ẹ tún sún síwájú díẹ̀ sí i. Èmi kò ní kí ẹ má gòkè. Ìran olókè ni wá. Àárín òkè ni àwọn bàbá wa dúró sí lọ́jọ́ ogun Kírìjí. Ọ̀rọ̀ sísọ̀kalẹ̀ ni mo ní, ọ̀rọ̀ ará Jámánì kan ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ́.

Willo Welzenbach ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ìlú Munich ní 1900, ó sì di ẹnjiníà. Ẹ má rò pé ògbójú lásán ni. Ní 1924, òun àti Fritz Rigele gba ojú òkè Wiesbachhorn ní Austria, níbi tí yìnyín ti dúró ṣánṣán bí ògiri. Irin gígùn ni wọ́n ń gbá wọ inú yìnyín kí okùn wọn lè rí ibi dì mú, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí. Òun ló pín ìnira òkè sí ipele mẹ́fà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tó ń lọ bá. Lórí bí yìnyín ṣe ń to léra àti bí ó ṣe ń ya lulẹ̀ ló ti gboyè dókítà. Àìsàn eegun mú un, ìgúnpá rẹ̀ kan gan, síbẹ̀ ó fi apá yẹn gun àwọn òkè tó le gan-an ní Switzerland. Ẹ fi í ṣe àwòkọ́ṣe níbẹ̀: ó ń wọn nǹkan wò kó tó dáwọ́ lé e.

Òkè Nanga Parbat ló wá wù ú, ní Pakistan òde òní. Ó ga ju 8,000 mítà lọ. Bí a bá to òkè Ẹ̀fọ̀n mẹ́wàá léra, kò ní tó o. Àbá tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò fún un láyè ní 1932, Willy Merkl ló sì di olórí ìrìn àjò náà. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní 1934, Hitler ti gorí oyè, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti dáwó fún wọn, gbogbo Jámánì sì ń retí ògo. Ìlù ń dún lẹ́yìn wọn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, àwọn agunkè 5, Welzenbach àti Merkl nínú wọn, pẹ̀lú aláàárù 11 dé àgọ́ kẹjọ. Góńgó kò jìnnà mọ́. Lóru ni ìjì dé. Wọ́n fi odindi ọjọ́ kan dúró, wọ́n ń retí kí ó rọ̀. Ọjọ́ kan yẹn ló ń dùn mí jù! Nígbà tí wọ́n padà, méjì nínú àwọn agunkè náà, Schneider àti Aschenbrenner, ṣíwájú, wọ́n dé àgọ́ kẹrin lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn yòókù kò lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Uli Wieland, agunkè karùn-ún, kú lójú ọ̀nà. Welzenbach, tó mọ yìnyín ju gbogbo wọn lọ, kú sínú àgọ́ keje, láìsí oúnjẹ. Merkl náà kú. Aláàárù mẹ́fà bá wọn lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn aláàárù náà ni Gaylay, ọmọ ẹ̀yà Sherpa. Merkl kò lè rìn mọ́. Gaylay dúró tì í. Aláàárù mìíràn, Ang Tsering, ló já ìjì kọjá lọ wá ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gòkè padà. Ní 1938 ni wọ́n rí òkú Merkl àti Gaylay níbi kan náà. Bí ẹ bá dárúkọ àwọn akíkanjú òkè yẹn, ẹ fi orúkọ Gaylay ṣíwájú. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni; òun ló fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe é.

Ìlù náà kò sì dákẹ́. Ní 1937 wọ́n tún lọ, yìnyín ya bo àgọ́ wọn lóru, ó pa èèyàn 16.

Irú ìlù yẹn náà ń dún lẹ́yìn ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà; ẹ gbọ́ mi. Àwọn tó ń yìn yín nílé kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí omi bá tán. Àjò kì í dùn, kí onílé má relé. Ẹni tó bá yí padà ní àárín ọ̀nà, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́; ẹ pọnmi fún un.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gun òkè wa níbí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jókòó kí ẹ tó gbéra. Ẹ fẹnu kò lórí aago tí ẹ ó yí padà, ì báà jẹ́ pé orí òkè ku díẹ̀. Ẹ yan ẹni tó lágbára jù kó máa rìn gbẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bá rẹ̀.